Fọ Ẹnu Wọn Kí O Tó Kí Wọn

Ilé wa, Ìlọfà,
Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn.

Fúnkẹ́ ọmọ mi, Àjọkẹ́ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ tuntun. Mo kí ọ kú ìfaradà ìlú ńlá. Ṣé ara rẹ le? Ṣé yàrá tí o gbà kì í jò? Ibi tí ìkíni mọ nìyẹn, nítorí inú ń bí mi, mi ò sì fẹ́ fi oyin ra ọ̀rọ̀ tó yẹ kó korò.

Bóyá o ti gbàgbé ohun tí o sọ fún mi lórí fóònù lọ́jọ́bọ̀, nítorí ẹ̀rín lo fi sọ ọ́. Mo bi ọ́ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. O ní, "Màámi, iṣẹ́ pọ̀ o. À ń fún wọn lóògùn, à ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, à ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ti ẹnu fífọ̀, àwọn ẹbí wọn la fi í sílẹ̀ fún. Ta ló ráyè ẹnu?" O bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ní kí o dúró kí n sọ nǹkan fún ọ, fóònù já. Mo pè títí, kò wọlé. Nígbà tó yá, mo ní ó dáa bó ṣe já, nítorí ohun tó wà lẹ́nu mi nígbà yẹn kò yẹ létí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ yunifọ́ọ̀mù. Mo wá mú bíró. Bí mo bá pariwo sí ọ létí, wàá gbé fóònù jìnnà sétí ni. Ṣùgbọ́n ohun tí mo bá kọ sílẹ̀, wàá kà á, wàá tún un kà. Awakọ̀ tó máa ń gbéra ní Òbó-Ayégúnlẹ̀ ni màá fi í rán sí ọ.

Ta ló ráyè ẹnu? Àjọkẹ́, jẹ́ kí n sọ fún ọ nípa ẹni tí ọ̀rọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa.

O rántí ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi, Màmá Ìdọ̀fin, ṣàìsàn. O wà nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ìdánwò ń bọ̀, a ò sì fẹ́ da ọkàn rẹ rú. Ohun tí a sọ fún ọ ni pé ara Màmá ò yá, pé wọ́n ti ń gbádùn. Wọn ò gbádùn rárá nígbà náà. Gbogbo ohun tí a fi pamọ́ fún ọ ni màá tú sílẹ̀ báyìí.

Gàrí ni wọ́n ń yan lẹ́yìn ilé wọn tí igbá fi bọ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn ará ilé rò pé iná ló jó wọn. Kí wọ́n tó gbé wọn dìde, apá òsì ò lè gbéra mọ́, ẹsẹ̀ òsì ò lè tẹlẹ̀, ẹnu ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àrùn rọpárọsẹ̀. Wọ́n sáré gbé wọn sínú bọ́ọ̀sì, wọ́n gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kan nínú ìlú tí mi ò ní dárúkọ rẹ̀ síbí. Délé ọmọ wọn wá láti Àbújá, ìyàwó rẹ̀ sì dúró tì wọ́n. Èmi ò lè tètè lọ, torí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún bàbá rẹ, kò sì sẹ́ni tí yóò máa mú un lọ́wọ́ rìn. Nígbà tí wọ́n tú ojú rẹ̀ tán tó lè ríran lọ ilé ìyàgbẹ́, mo di ẹrù mi, ó di ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi.

Jẹ́ kí n sọ òótọ́, nítorí mi ò fẹ́ kí o rò pé àbùkù lásán ni mo fẹ́ fi kan àwọn ẹgbẹ́ rẹ. Wọ́ọ̀dù náà mọ́. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun. Wọ́n ń wẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ń yí wọn padà kí egbò má bàa ṣe wọ́n lẹ́yìn, oògùn àti omi tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ fà sí wọn lára ń dé lásìkò. Àwọn nọ́ọ̀sì náà kì í ṣe ìkà. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, òórùn kan pàdé mi lọ́nà. Ìyàwó Délé jókòó sórí àga, ó fà á jìnnà, ó fi ìborùn bo imú. Ó ti fi lọ́fínńdà sí ìrọ̀rí. Lọ́fínńdà àti òórùn yẹn ń bá ara wọn jà.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrọ́jú o. Ọlọ́run á gbé yín dìde." Wọ́n wò mí. Omi bọ́ lójú wọn. Wọn ò dáhùn.

Nọ́ọ̀sì ọmọdébìnrin kan tó ń kọjá sọ fún mi pé, "Màmá ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, Mà. Wọn ò sì fẹ́ jẹun. Dókítà ti ní kí a máa fún wọn lógì tó ṣàn díẹ̀díẹ̀, àmọ́ bí a bá ti gbé e dé ẹnu, wọ́n á yí ojú kúrò. Wọ́n ti kọ oúnjẹ."

Wọ́n ti kọ oúnjẹ! Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò ti dá.

Délé fà mí síta, a dúró lábẹ́ fèrèsé tó wà lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì wọn. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká gbà fún Ọlọ́run. Ẹni tí kò jẹun, tí kò sọ̀rọ̀, kí la ń dúró dè? Àwọn nọ́ọ̀sì ní a lè máa gbé wọn lọ sílé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ sùn sórí bẹ́ẹ̀dì ara wọn." Bí ẹni pé ìyẹn ò tó, ó tún ní bó bá bọ́ sí àsìkò Àjíǹde, yóò rọrùn fún àwọn tó wà nílùú òkèèrè láti wá.

Mo ní, "Láti wá ṣe kí ni, Délé?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ fóònù rẹ̀.

Mo ní, "Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú. Ìyá rẹ ń mí, ìwọ ń wá ọjọ́ ìsìnkú?" Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo parọ́ bí mo bá ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò wọ̀ mí lára. Ojú tí mo fi rí ẹ̀gbọ́n mi lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, ojú ẹni tó ń lọ ni.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo jí níbi tí àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn máa ń sùn, mo ju orín ìdí sẹ́nu, mo lọ jókòó tì wọ́n. Mo ń rin orín mi, mò ń ro bí màá ṣe bá àwọn ará ilé sọ ọ́. Àfi bí ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ kan ṣoṣo tó kù fún wọn, ṣe dìde, tó gbá orín náà mú lẹ́nu mi, tó fà á yọ. Wọ́n gbé e lọ sí ètè ara wọn. Ètè ti gbẹ, ó ti sán, kò fẹ́ ya. Wọ́n ń ti orín bọ ẹnu, kò wọlé, ẹ̀jẹ̀ ń yọ lára ètè, ẹkún ń dà lójú wọn.

Nọ́ọ̀sì náà figbe ta. "Mà, ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn! Wọ́n á gbé e mì!"

Mo gbà á. Lẹ́yìn náà ni mo dìde dúró, mo bi í pé, "Ìgbà wo lẹ ti fọ ẹnu fún obìnrin yìí kẹ́yìn?"

Ó ní, "Àwọn ẹbí ló ń ṣèyẹn, Mà."

Mo yíjú sí ìyàwó Délé. Ó ní, "Háà, Màmá! Àwọn nọ́ọ̀sì mà ni mo rò pé wọ́n ń ṣe é! Ọjọ́ tí a dé, wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ fi nǹkankan sí wọn lẹ́nu."

Ṣé o gbọ́, Fúnkẹ́? Nọ́ọ̀sì gbójú lé ẹbí, ẹbí gbójú lé nọ́ọ̀sì. Láti ọjọ́ tí igbá ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, omi ìfọnu kò kan ẹnu wọn, búrọ́ọ̀ṣì kò kàn án, aṣọ tútù kò kàn án. Wọ́n fọ ẹsẹ̀ fún wọn, wọ́n fọ abẹ́ apá, wọ́n gé èékánná, wọ́n wá fi ẹnu sílẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Èékánná kò lè pa wọ́n. Ẹnu ló ń pa wọ́n.

Mo pariwo. Mi ò ní fi pamọ́ fún ọ, mo pariwo débi pé àwọn aláìsàn tó ń sùn jí. Igbe yẹn ló mú mátíróònù jáde, obìnrin kan tó ti ń funfun lórí. Ó gbọ́ tẹnu mi tán, kò bá mi jà. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó ní kí wọ́n gbé iná wá, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbọ́n mi létí pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ fọ ẹnu yín. Bó bá dùn yín, ẹ fún mi lọ́wọ́."

Wo bó ṣe ṣe é, kí o fi kọ́gbọ́n. Ó gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè, ó yí wọn sí ẹ̀gbẹ́, kí omi má bàa ṣàn lọ sọ́fun. Ó fi abọ́ sábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó kọ́kọ́ fi omi díẹ̀ rẹ ètè títí ó fi rọ̀, kò fi ipá ya á. Aṣọ fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń di egbò ló rẹ sómi tó sì fún gbẹ, ó ń fi í nu èrìgì, ó ń jù ú nù, ó ń mú òmíràn. Ohun tó ń bá a jáde, n kò lè kọ ọ́ tán síbí. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ti lẹ̀ bí àtè. Ògì tó ti kan. Ahọ́n funfun bí ẹfun. Ó dé òkè ẹnu, ó dúró. Ó ní, "Màmá ní eyín àfisí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, eyín iwájú méjì, Ìlọrin ni wọ́n ti ṣe é fún wọn.

Kò sí ẹnìkan tó bèèrè rí. Eyín náà wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yẹn, ìdọ̀tí ti dì sí abẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó rọra yọ ọ́, egbò ló wà lábẹ́ rẹ̀, pupa, ó ń ṣẹ̀jẹ̀. Mátíróònù gbé ojú sókè wo nọ́ọ̀sì ọmọdébìnrin yẹn. Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Èmi ò ṣàánú rẹ̀ nígbà náà. Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, tó fi ẹ̀gún sọ́wọ́, kí ló ń sunkún sí?

Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ mọ́, mátíróònù fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ fọ ìwọ̀nba eyín tó kù, ó nu ètè, ó fi ìpara díẹ̀ pa á. Ẹ̀gbọ́n mi mí kanlẹ̀. Wọ́n gbé ahọ́n kiri inú ẹnu wọn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọlé tuntun. Wọ́n wá wo mátíróònù, wọ́n ní, ó lọ́ra, ó wúwo, ṣùgbọ́n ó dá ṣáká: "Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ ṣeun."

Ìyàwó Délé fọwọ́ lérí. Nọ́ọ̀sì tó ń sunkún nu ojú, ó sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ ń sọ̀rọ̀!"

Wọ́n ní, "Ṣé mo ti yadi ni? Ẹnu tí mi ò fọ̀, ṣé ó yẹ kí n fi kí èèyàn?" Wọ́n sinmi díẹ̀. "Mo gbìyànjú lọ́jọ́ kan. Bí mo ṣe la ẹnu, ìyàwó ọmọ mi yí ojú, ó di imú. Mo wá pa á dé. Oúnjẹ tí wọ́n ń gbé wá, ó ń ta mí lẹ́nu bí ata. Mò ń nawọ́ sí ẹnu, wọ́n rò pé omi ni mò ń bèèrè. Ẹ má gbé mi lọ ulé. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí Délé ń sọ."

Fúnkẹ́, wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀! Wọ́n dùbúlẹ̀ síbẹ̀, wọ́n ń gbọ́ bí ọmọ wọn ṣe ń yan ọjọ́ tí yóò sin wọ́n, wọ́n sì pa ẹnu dé nítorí ìtìjú òórùn tí kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Ẹni tó jẹ́ pé láti kékeré ni ìyá wa ti kọ́ wa pé ẹnu kì í kí èèyàn láì tíì fọ̀. Àìsàn gba apá, àìsàn gba ẹsẹ̀. Iyì tí àìsàn kò gbà, àwa èèyàn la gbà á.

Wọ́n mu ògì láàárọ̀ yẹn, síbí kékeré lẹ́yìn síbí kékeré. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Ibà mú wọn, ikọ́ bẹ̀rẹ̀, àyà wọn ń dún. Dókítà ṣàlàyé fún wa pé ìdọ̀tí ẹnu máa ń bá itọ́ ṣàn lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí kò lè gbé nǹkan mì dáadáa, pé ó ti ṣeé ṣe kó ti máa lọ síbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó fi oògùn sí i. Fún ìgbà kan, a ò mọ èyí tí yóò borí. Mo ń fọ ẹnu wọn láàárọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ, àti kí wọ́n tó sùn, bí mátíróònù ṣe kọ́ mi, ọmọbìnrin tó sunkún yẹn ń dúró tì mí, ó ń gbé abọ́. Nígbà tó yá, òun gan-an ló ń ṣe é. Ibà lọ. Ikọ́ dẹwọ́. A gbé wọn wálé láàyè. Ìwọ náà mọ̀ pé wọ́n wà ní Ìdọ̀fin lónìí pẹ̀lú ọ̀pá wọn, tí wọ́n ń fi ọwọ́ ọ̀tún ṣa ẹ̀gúsí, tí wọ́n ń bú adìẹ aládùúgbò. Délé wá dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Wọ́n dárí jì í. Ó pẹ́ kí èmi tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ǹjẹ́ o mọ ohun tó ń bí mi nínú jù lọ? Kì í ṣe pé wọn ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ìbá jẹ́ àìmọ̀ ni, ǹ bá ní Ọlọ́run ló mọ̀. Mátíróònù mọ̀ ọ́n. Aṣọ fẹ́lẹ́ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Omi wà. Ìmọ̀ wà lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi, ẹnìkan kàn ti sọ níbìkan pé, "Ta ló ráyè ẹnu?" Bóyá ẹ̀rín lòun náà fi sọ ọ́.

Nítorí náà, gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe, ìwọ ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn pọ̀n.

Bí wọ́n bá gbé aláìsàn wọlé, wo ẹnu rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Fi iná wò ó. Bèèrè eyín àfisí lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí lọ́wọ́ ẹni tó gbé e wá. Bó bá ní in, máa yọ ọ́, máa fọ̀ ọ́, fi í sínú ife omi tó ní ìdérí, kí o kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára. Má wé e sínú bébà. Ẹni tó ń gbálẹ̀ yóò gbá a dànù, arúgbó á sì padà sílé láì lè jẹ iyán.

Ẹni tí kò jẹun ni ẹnu rẹ̀ nílò ìtọ́jú jù. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín máa ń sọ pé, "Kò kúkú jẹ nǹkankan, kí la fẹ́ fọ̀?" Ẹnu tí kò jẹ, tí kò sọ̀rọ̀, tó ń fi gbogbo ọjọ́ mí láti inú rẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ. Ìdọ̀tí ń hù níbẹ̀ bí funfun ṣe máa ń hù lára búrẹ́dì tó ti pẹ́. Ẹni tó ń jẹun ṣì ń fi itọ́ fọ ẹnu rẹ̀ díẹ̀.

Ẹni tí kò mọ ibi tó wà, sọ fún un kí o tó fọwọ́ kàn án. Pè é lórúkọ bí wọ́n ṣe ń pè é nílé. Yí i sí ẹ̀gbẹ́. Má da omi sí i lẹ́nu. Má ti ìka rẹ bọ àárín eyín, ó lè gé ọ jẹ láì mọ̀. Bí o bá rí egbò, tàbí funfun tí kò ṣeé nù kúrò, tàbí ẹ̀jẹ̀, má pa á mọ́ra, sọ fún dókítà.

Má ṣe yínmú. Bí òórùn bá pọ̀, mí látẹnu, ṣùgbọ́n jẹ́ kí ojú rẹ dúró bí ojú ọmọlúàbí. Aláìsàn tí kò lè gbé ọwọ́ ń ka ojú rẹ.

Ní ti àwọn ẹbí, mi ò ní kí o má jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ọwọ́ àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ṣùgbọ́n kọ́ wọn. Ṣe é lójú wọn, kí wọ́n ṣe é lójú rẹ, kí o tún padà wá wò ó. Kí ẹ̀yin tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara yín sì máa sọ ọ́ fún ara yín pé ẹnu lágbájá ti di fífọ̀, ti tàmẹ̀dò kò tíì di fífọ̀, bí ẹ ṣe ń sọ ti oògùn. Ẹni tí kò ní ẹbí ńkọ́? Arúgbó tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun, tó jẹ́ aládùúgbò ló gbé e wá, ta ni ẹ fi ẹnu tirẹ̀ sílẹ̀ fún?

Mo mọ̀ pé ẹ kò pọ̀ tó. Mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ máa ń dùn ọ́ kí o tó délé. Èmi náà kọ́ ọmọ níléèwé pẹ̀lú kíláàsì tó kún fọ́fọ́, mo mọ ohun tí kò-pọ̀-tó ń ṣe fún èèyàn. Bá mátíróònù yín sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí wọ́n bá ń fi ọ́ rẹ́rìn-ín pé "Nọ́ọ̀sì Ẹnu," jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Orúkọ tó dára ni.

Ìbínú mi kò ní kí n má fẹ́ràn rẹ. Bí mi ò bá fẹ́ràn rẹ, ǹ bá ti dákẹ́. Bàbá rẹ kí ọ. Ó ní kí n dín ọ̀rọ̀ mi kù, mo sì ti dín in kù, ohun tí o rí yìí ló ṣẹ́kù. Mo ń fi ẹ̀gúsí àti èlùbọ́ ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé yìí.

Bí òjò bá dá díẹ̀, mo ń bọ̀ wá wò ọ́ níbi iṣẹ́. Má wá pàdé mi ní gáréèjì, má sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìyá rẹ ń bọ̀. Mi ò ní kọ́kọ́ wá ọ. Wọ́ọ̀dù yín ni màá gbà wọlé, màá lọ bá ẹni tó dàgbà jù tí kò ní àlejò, màá kúnlẹ̀ kí i, màá sì tẹ́tí sílẹ̀ bóyá yóò dá mi lóhùn.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ,
tí inú rẹ̀ kò tíì rọ̀.